Ohun Tí Mo Rí Nínú Ìfun Ehoro

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tó ń sin ehoro láti Tanke, Gánmọ̀ àti Ọ̀ffà títí dé Omù-Àrán, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí fọ́fọ́, mo kí yín o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé bí a ṣe ń tọ́jú ehoro kí ó sanra ni mo wá sọ. A máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìfun ni màá kọ́kọ́ mú yín gbà.

Àwọn baba wa sọ fún wa pé ara òkúta kan ní Ìdí-Àpẹ ni orúkọ ìlú yìí ti wá, òkúta tí àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń lọ irin wọn lé lórí. Ìlọ-irin. Èmi kì í gbọ́ orúkọ yẹn kí n má rántí iṣẹ́ mi, torí orí irin mímú ni iṣẹ́ mi dúró lé. Àwa tí à ń wo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkópù, bí abẹ wa ò bá mú, a ò lè rí nǹkan kan. Ẹran tí à ń gé gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ á fi là á kọjá. Ẹ mú mìlímítà kan lórí rúlà àwọn ọmọ yìí, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000, kí ẹ wá mú 5 péré nínú rẹ̀. Bí ègé ẹran wa ṣe máa ń nípọn mọ nìyẹn.

Kí a tó gé e, a ó ti rẹ ẹ́ sínú fọ́málíìnì kí ó má bàa jẹrà, a ó fi ọtí líle fa omi ara rẹ̀ jáde, a ó wá yọ́ ìda bíi ti àbẹ́là lé e lórí títí ìda náà yóò fi wọ inú rẹ̀ lọ tí yóò sì le. Ìgbà yẹn ni abẹ tó lè ràn án. Bí a bá sì gé e tán, kò ní àwọ̀ kankan, bí omi ló rí. Aró ló ń sọ ọ́ di nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn aláró ṣe ń fi èlú rẹ aṣọ, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín. Aró àkọ́kọ́ tí à ń lò, hematoxylin, ara igi kan tó ń hù ní ìhà Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń fà á yọ, álọ́ọ̀mù la sì fi ń mú un kí ó lè di ẹran mú. Òun ló ń pa kókó inú sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí ara fi kóra jọ, láró, tí kókó náà á sì dúdú bí aṣọ tó jáde látinú ìkòkò aró. Aró kejì, eosin, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí osùn tí wọ́n fi omi pò. Òun ló ń kun ìyókù.

Nínú gbogbo ẹran tí mo ti gé, ìfun ló ṣòro jù. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi yọ ìfun ehoro kan, ó ní kí n gbé e sínú fọ́málíìnì kíá. Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì, mo ní kí n sáré lọ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín níwájú ọgbà. Kí n tó dé, ó ti lé ní wákàtí kan. Mo ṣe gbogbo ìyókù bó ṣe yẹ, n ò fo ẹyọ kan. Nígbà tí a gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, ohun tí mo rí dà bí oko àgbàdo tí agbo màlúù gbà kọjá: pòròpórò ló kù, gbogbo orí ti já sílẹ̀. Ọ̀gá mi ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, “Ohun tí ìfun fi ń da oúnjẹ, inú òun fúnra rẹ̀ ló wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró, ara rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.” Ehoro yẹn kú lásán, èmi ni mo sì jẹ́ kó kú lásán. Láti ọjọ́ náà, fọ́málíìnì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan ọ̀bẹ.

Ó dáa. Bí a bá wá ṣe é bó ṣe yẹ, kí la máa rí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ṣàkì ní ọjà Ìpàtà, ẹ mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí bí aṣọ ìnura. Àpò ikùn màlúù ni ṣàkì, ojú lásán sì ń rí àwọn ohun tó yọ lára rẹ̀. Ti ìfun kékeré ehoro wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá la ìfun náà, tí ẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ wá rì í sínú abọ́ omi tó mọ́, ẹ ó rí i tí inú rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́ bí aṣọ àrán tí èèyàn fọwọ́ pa. Ìka kéékèèké ló kún ibẹ̀, èyí tó ga jù nínú wọn kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Ìka ìfun ni màá máa pè wọ́n lónìí. Ní ìdí àwọn ìka yìí, ihò wà tó wọ inú ẹran lọ bíi kànga. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Lieberkühn, júwe àwọn kànga wọ̀nyí ní 1745, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Ẹ di méjèèjì mú, ìka tó yọ sókè àti kànga tó jìn sísàlẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ sọ, ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yẹn ni ilé wọn.

Àwọn tó pọ̀ jù lórí ìka ni enterocyte, àwọn tó ń fa oúnjẹ wọlé. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò tira wọn gbágbágbá bí igi tí wọ́n fi ṣọgbà, kókó inú wọn sì wà ní apá ìsàlẹ̀. Ní téńté orí wọn, ìlà pupa tín-ín-rín kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fojú fò. Ìgbà tí maikirosíkópù oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dé la tó mọ̀ pé kì í ṣe ìlà. Ìka ni, ìka mìíràn lórí ìka, wọ́n tó nǹkan bí 3,000 lórí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Ẹ wo agbádá tí wọ́n ká sínú àpótí: aṣọ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú àyè kékeré. Bí ìfun náà ṣe ká ojú rẹ̀ nìyẹn, kí oúnjẹ lè rí ibi púpọ̀ gbà wọlé.

Ẹ̀mí wọn kúrú púpọ̀. Inú kànga ni wọ́n ti ń bí wọn. Wọ́n á máa gòkè bọ̀ lára ìka, tí èyí tó wà lẹ́yìn ń ti èyí tó wà níwájú. Ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á dé ṣóńṣó ìka, wọ́n á sì já bọ́. Bó ṣe rí nínú ehoro náà ló rí nínú àwa èèyàn. Awọ ìfun tó gba wàrà tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ṣí lọ, òmíràn ti gbapò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín gan-an ló kàn. Wọ́n ń kì wá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀. Ìtàn iyọ̀ àti ṣúgà ni mo fẹ́ sọ.

Àbúrò mi obìnrin ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un lóru ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọ agbárí. Bí ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀, kò ní padà. Ó ń sunkún, omi ò jáde lójú. Ìyá wa po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, ó jókòó lórí ẹní, ó ń fi ṣíbí kékeré bù ú sí ọmọ náà lẹ́nu, ṣíbí kan, ó dúró, ṣíbí kan, ó dúró. Tí ọmọ bá bì í, á mú sùúrù díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọmọ náà tọ̀ sí i lára. Ìyá wa bú sẹ́kún nítorí ìtọ̀. Mi ò ì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo sì ń bi ara mi láti ìgbà yẹn ni pé, kí ló dé tí omi lásán ò tó? Kí ni iyọ̀ àti ṣúgà ń ṣe pa pọ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ò lè dá ṣe?

Ní 1960, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Crane, dìde ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú Prague, ó sọ èrò kan jáde. Ó ní ṣúgà kì í dá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun àti iyọ̀ jọ ń gbà, àti pé bí èkejì ò bá sí níbẹ̀, ìkínní ò lè wọlé. Èrò ni nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ẹnu ọ̀nà ọ̀hún.

Ehoro ló jẹ́ ká rí i. Ní 1987, àwọn tó ń bá Ernest Wright ṣiṣẹ́ ní Los Angeles mú ìfun kékeré ehoro. Ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ tó ń kọ, tó fi ń pàṣẹ irú purotéènì tí wọ́n máa ṣe. Àwọn ìwé àṣẹ yẹn ni wọ́n fà jáde látinú sẹ́ẹ̀lì ìfun, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún wọn sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ẹ rò ó wò! Kí ló kan ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú ṣúgà? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣúgà, bí iyọ̀ bá ti wà nínú omi tó yí i ká. Wọ́n pín àwọn ìwé àṣẹ náà, wọ́n dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n tún pín in, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n kà á. Bí aráyé ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ṣúgà nìyẹn. SGLT1 ni wọ́n sọ ọ́.

Ibo ni ẹnu ọ̀nà yìí wà? Lórí ìlà pupa tí mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fojú fò ni, lára àwọn ìka wẹ́wẹ́ tó wà ní téńté orí enterocyte. Ẹ fọkàn yàwòrán ilẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì. Sódíọ̀mù méjì, èyí tí ń bẹ nínú iyọ̀, á bọ́ sí àyè wọn, glúkósì kan, ìyẹn ṣúgà, á bọ́ sí àyè tirẹ̀, ilẹ̀kùn á yí padà, á kọjú sínú, á tú wọn sílẹ̀. Omi á sì tẹ̀ lé wọn. Omi yẹn ni ọmọ tó ń gbẹ lọ ń fẹ́. Nínú àrùn onígbáméjì, ohun tí kòkòrò àrùn náà bàjẹ́ ni ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì yìí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi lè máa bu omi wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan nígbà tó ń dànù láti ibòmíràn.

Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tó sá àsálà kún àgọ́ ní Bangaon ní Íńdíà, onígbáméjì sì wọ àárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sí iṣan tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fún wọn mu. Nínú àwọn tí àrùn náà mú, iye tó ń kú tẹ́lẹ̀ tó nǹkan bí 30 nínú 100. Ó wá sílẹ̀ sí iye tí kò tó 4. Nígbàkúùgbà tí mo bá gé ìfun ehoro tí mo sì rí ìlà pupa yẹn, àgọ́ yẹn ni mo máa ń rántí, àti ìyá mi lórí ẹní.

Ẹ̀yin ìyá, kí n tó kúrò níbẹ̀. Iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò sílẹ̀ sínú páálí kékeré, ORS, ló dára jù, kí ẹ sì béèrè síǹkì mọ́ ọn ní ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí nítòsí, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ tó tẹ́jú. Ẹ má fi kún un. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù á tún fa omi jáde láti ara ọmọ sínú ìfun, iyọ̀ tó bá sì pọ̀ jù léwu ju àìsàn náà lọ. Bí ọmọ bá ń sùn jù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí orí ìka. Láàárín àwọn enterocyte, ẹ ó máa rí ohun kan tó dá yàtọ̀, ikùn rẹ̀ tóbi lókè, ìdí rẹ̀ há. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí agbo ilé Dada ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò, ẹ ti mọ ìrísí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì goblet ni. Omi tó ń yọ̀ bí ilá ló kún inú ìkòkò yìí, ó sì ti ti kókó inú sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ pátápátá débi tí kókó náà fi rí pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Àwọn aró méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ ran omi yíyọ̀ yìí, torí náà ìkòkò náà máa ń dà bí òfìfo. Ó tàn mí jẹ nígbà kan rí. Aró mìíràn wà tí à ń pè ní PAS. Ìgbà tí a bá fi í kùn ún ni gbogbo ìkòkò yóò pọ́n bíi sobo, tí a ó sì rí i pé wọ́n kún dẹ́múdẹ́mú. Bí a bá ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré sí ìparí rẹ̀ ni iye wọn ń pọ̀ sí i, torí oúnjẹ ń le sí i bí omi ṣe ń fà kúrò nínú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí náà sì ń pọ̀ sí i. Ohun tó ń yọ̀ ló ń jẹ́ kí oúnjẹ kọjá láìha awọ, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò kí wọ́n má bàa dé ara sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ ò retí pé ẹwà lè wà, ẹ ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó rí bí òkìtì tó ní ṣóńṣó, tí ṣóńṣó wọn kún fún hóró pupa yòò. Eosin ràn wọ́n ju gbogbo ohun tó yí wọn ká lọ. Gustav Schwalbe ará Jámánì ló kọ́kọ́ rí wọn ní 1872. Ní 1888, Joseph Paneth, dókítà kan ní ìlú Vienna, wá ṣàlàyé wọn fínnífínní, òun ni wọ́n sì fi sọ orúkọ: sẹ́ẹ̀lì Paneth. Ọmọ ọdún 32 péré ni nígbà tó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1890. Kò pẹ́ láyé tó láti mọ ohun tí hóró pupa yẹn wà fún.

Ohun ìjà ni. Lysozyme wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú omijé yín, tí Alexander Fleming ròyìn ní 1922, tó ń fọ́ èèpo ara kòkòrò. Àwọn purotéènì kéékèèké mìíràn wà níbẹ̀ tó ń lu ara kòkòrò ní ihò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ara wọn: kókó inú wà nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà wà nítòsí rẹ̀, hóró tó ti parí wà lókè, ó kọjú sí ẹnu kànga níbi tí ọ̀tá máa gbà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, ìdúró rẹ̀ ti sọ ọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́? Ìyá ni wọ́n ń ṣọ́. Àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì Paneth ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá há sí, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú ò tètè ń rí, àwọn tó ń bí gbogbo enterocyte àti goblet tí a ti sọ. Àwọn tó ń bá Hans Clevers ṣiṣẹ́ ní Netherlands ló fi ara eku hàn ní 2007 pé àwọn gan-an ni ìyá. Ní 2011 wọ́n tún fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì Paneth ń fún ìyá ní ohun tó nílò láti wà láàyè. Ẹ̀ṣọ́ tó tún ń gbọ́únjẹ ni. Nígbà tí gbogbo ọmọ ń gòkè lọ kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì Paneth máa ń jókòó sísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ehoro ní in, àwa náà ní in. Ajá àti ológbò ò ní irú rẹ̀.

Ẹṣẹ́ Brunner, ìyẹn àwọn àpò kéékèèké tó ń sun omi sínú ìfun, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Abẹ́ awọ ni ó wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, níbi tí oúnjẹ ti ń jáde láti inú ikùn pẹ̀lú omi kíkan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹranko, omi yíyọ̀ nìkan ló ń ṣe. Ti ehoro ní irú sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀, ọ̀kan ń ṣe èyí tó ń yọ̀, èkejì ń ṣe èyí tó ṣàn bí omi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ègé ìfun wá fún yín tí ẹ sì rí àwọ̀ méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹṣẹ́ náà, ẹ máa fura sí ehoro.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún wà tó fọ́n káàkiri, ìkan nínú nǹkan bí 100. Hóró tiwọn wà ní ìdí, kì í ṣe lórí, torí pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Họ́mọ̀nù, ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ jíṣẹ́ fún ara, ni wọ́n ń ṣe. Kulchitsky ará Rọ́ṣíà ṣàpèjúwe wọn ní 1897. Ní Ítálì, Vittorio Erspamer fa ohun kan jáde láti ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ikùn ehoro ní ọdún 1930 sókè, ó pè é ní enteramine. Ní 1952 ni wọ́n tó mọ̀ pé serotonin ni, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí rò pé ti ọpọlọ nìkan ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ara wa, inú ìfun ló wà.

Sẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. Lára ìfun kékeré ehoro, láti ìta pàápàá, ẹ ó rí àwọn ibì kan tó ràn bí àmì lára aṣọ. Johann Peyer ará Switzerland kọ̀wé nípa wọn ní 1677. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara pàgọ́ sí. Ehoro tún ní àgọ́ kan tó tóbi, yípo bíi bọ́ọ̀lù kékeré, níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ehoro ti fọwọ́ kàn án láìmọ ohun tó jẹ́. Lórí àgọ́ wọ̀nyí, kò sí ìka gígùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí bí òrùlé ahéré tó yípo. Sẹ́ẹ̀lì M ló wà níbẹ̀. Robert Owen àti ẹnì kejì rẹ̀ ló fún un lórúkọ ní 1974.

Àwọn ìka wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ṣe ségesège. Kò ní ìkòkò, kò ní hóró pupa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀: ó ká sókè bí àpò agbádá, àwọn ọmọ ogun ara sì wọ inú àpò yẹn, wọ́n jókòó. Láti òkè dé ibi tí wọ́n wà, ilẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló kù. Gbogbo àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ń lé kòkòrò. Sẹ́ẹ̀lì M nìkan ló ń pè é wọlé. Ó ṣe bí oníbodè tó rí àjèjì, tó di apá rẹ̀ mú, tó mú un lọ síwájú ààfin kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀. Nínú àwa èèyàn àti eku, wọn kì í pọ̀ lórí òrùlé àgọ́ yẹn. Nínú ehoro, wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Purotéènì kan tó ń jẹ́ vimentin wà nínú sẹ́ẹ̀lì M ehoro tí kò sí nínú àwọn enterocyte tó yí i ká, torí náà a lè fi aró pàtàkì tan iná sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí, ehoro ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn ọ̀tá kan mọ ọ̀nà náà. Kòkòrò Salmonella ń gba ibẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀yin olówò ehoro, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ mọ ìgbà tí ọmọ ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ikùn rẹ̀ wú, tó ya ìgbẹ́ omi, tó sì kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, Eimeria ni, kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ń wọ inú enterocyte. Á bí ọmọ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, ọmọ rẹ̀ á wọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti gé ìfun irú ehoro bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ kúrú, ó dà bí koríko tí ewúrẹ́ jẹ délẹ̀. Àwọn ìyá inú kànga ń bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kú kí wọ́n tó gòkè. Ilẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì bá wọn lọ, oúnjẹ ń kọjá láìdúró.

Ẹyin kòkòrò yìí tó bá jáde nínú ìgbẹ́ kì í lè ranni lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó gbó. Torí náà, ẹni tó bá ń gbá ilé ehoro rẹ̀ lójoojúmọ́ ti borí púpọ̀ nínú ogun yẹn, àgàgà bí ilẹ̀ ilé náà bá jẹ́ wáyà tí ìgbẹ́ ń jábọ́ gbà. Ẹ má sì na ehoro nítorí pé ó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀ lóru. Fítámì tí inú ìfun ńlá ti ṣe ló ń padà mú, tuntun ló sì ń jẹ ẹ́ láti ìdí rẹ̀, ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kò tíì gbó.

Ohun kan tún wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́. Bí ehoro bá ṣàìsàn, àwọn kan á tú kápúsù ampicillin tàbí amoxicillin sínú omi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kòkòrò rere tó wà nínú ìfun rẹ̀ ni oògùn yẹn ń pa, èyí tó burú á wá gba ilé. Ó máa ń kú nínú ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ rò pé ẹ ń wò. Ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì fún un ní koríko tó pọ̀ ju oúnjẹ àpò lọ.

Mo gbé maikirosíkópù kan wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ègé ìfun ehoro ni mo fi sábẹ́ rẹ̀, ehoro tí mo rẹ sí fọ́málíìnì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ tò, kí àwọn ọmọdé ṣíwájú. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì ńlá, ó lè fọ́ díńgí náà. Èyí kékeré ni kí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀, títí hóró pupa ìsàlẹ̀ kànga yóò fi mọ́lẹ̀ kedere lójú yín.